Ọ̀rọ̀ Kan Lójúmọ́ Kì Í Ṣe Eré Ọmọdé

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa)

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, oorun sì wà lójú wọn. Nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ.

Àbá kan ló wà níwájú wa lónìí tí a máa dìbò lé lórí. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú wa dá a lábàá pé kí a gbé pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ kúrò. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì tí à ń rà sí i jẹ́ ìnáwó òfo. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni kí ẹgbẹ́ gbájú mọ́, kí a fi ìtàn àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tíṣà. Ẹnì kan tilẹ̀ dìde, ó ní, "Ìtàn kò ṣe é fi jẹ ẹ̀bà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dùn létí yẹ kí a gbé e sórí ìwọ̀n kí a tó rà á.

Fún àǹfààní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáàárín wa, iṣẹ́ tí pátákó náà ń ṣe kò ju báyìí lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa a máa kọ ohun kékeré kan sí i: ọ̀rọ̀ kan àti ìtumọ̀ rẹ̀, tàbí ọdún kan àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọdún náà, tàbí ìmọ̀ kan nípa ayé tí a wà nínú rẹ̀. Kì í ju ìlà mẹ́fà lọ. Ẹni tó mọ̀wé á kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kí oúnjẹ tó tán, àríyànjiyàn á ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a nù ún kúrò, a kọ òmíràn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí a tún sọ ohun tó wà lórí pátákó náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́yìn náà a ó sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Nígbà náà kí ẹ̀yin fúnra yín wá sọ bóyá eré ọmọdé ni.

ỌJỌ́ AJÉ: OWÓ

Ní ọjọ́ Ajé, owó ni a kọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé gan-an, ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Ṣáájú ìgbà náà, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńì ni wọ́n ń ná. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè mẹ́wàá sì di náírà kan. Láti inú orúkọ Nàìjíríà ni wọ́n ti fa "náírà" yọ. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ti wà lẹ́nu Yorùbá tipẹ́ kí ìjọba tó kọ ọ́ sára owó. Pẹ́ńì kan ni àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀, láti inú "copper", orúkọ tí òyìnbó ń pe bàbà. Pẹ́ńì mẹ́ta ni tọ́rọ́, pẹ́ńì mẹ́fà ni sísì.

Ṣáájú kọ́bọ̀, owó ẹyọ ni. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Bí ẹgbàá bá pé mẹ́wàá, ó di ẹrù àpò kan, àpò náà ni ọ̀kẹ́, ìyẹn 20,000. Nítorí náà ni Yorùbá fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹ mú bírò kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 20,000 lọ́nà 50. Ó pé géérégé. Ẹni tó bá ní àwọn baba ńlá wa kò mọ ìṣirò, ẹ ní kó wá ka owó ẹyọ ọ̀kẹ́ kan láìṣì.

Abẹ́ rẹ̀ ni a kọ nǹkan méjì sí. Ní 1981, òfin fi owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ sí 125 náírà. Ní 2024, òfin fi í sí 70,000 náírà. Ẹni tó bá wo nọ́mbà nìkan á rò pé a ti di olówó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nídìí tábìlì, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa sọ pé kí a má ka iye náírà mọ́, kí a máa ka iye kóńgò gaàrí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bá ọ̀gá dúnàádúrà mọ̀ pé láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbé iye owó ọjà lọ sínú ìpàdé pẹ̀lú ìwé owó oṣù. Níbi àwo oúnjẹ ni ìmọ̀ràn náà ti jáde.

ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN: ÀWỌN TÓ ṢÍWÁJÚ WA

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba ní Èkó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Gómìnà McCallum ló fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Ní ìgbà náà kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí òfin mọ̀, kò sí káàdì ọmọ ẹgbẹ́, kò sí owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù fún ẹgbẹ́. Síbẹ̀ wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan. Ní 1912 ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1938 ni Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ tó jáde, tó wá mọ ẹgbẹ́ bí irú tiwa. Láti 1897 dé 1938 jẹ́ ọdún mọ́kànlélógójì. Kí òfin tó gbà fún wa, àwọn kan ti ń jẹ ìyà rẹ̀.

Nígbà tí Ogun Hitler sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù kò kúrò lójú kan. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń béèrè àfikún owó nítorí ọ̀wọ́n ọjà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí COLA. Michael Imoudu ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1943 ìjọba òyìnbó lé e kúrò ní Èkó, wọ́n fi í sí Auchi. Ní 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún náà, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 30,000 òṣìṣẹ́ tó dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n sì lò ní Èkó kí wọ́n tó padà. Ẹ rántí pé kò sí owó oṣù fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì náà, ọmọ sì ń jẹun nílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Tudor Davies dìde láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, àfikún owó sì jáde. Hubert Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré kan tó pè ní "Strike and Hunger". Ìjọba kò fẹ́ràn eré náà rárá. Imoudu fúnra rẹ̀ pẹ́ láyé, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó kú ní 2005.

Ìlà tó kẹ́yìn lórí pátákó lọ́jọ́ náà ni pé: àfikún owó tí ẹ ń rí nínú ìwé owó oṣù yín kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹnì kan ti fi ebi rà á.

ỌJỌ́RÚ: Ọ̀NÀ MỌ́TÒ

Ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ ni ìbéèrè ọjọ́ yìí ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí àwòrán ọkọ̀ àtijọ́ kan tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó ní ṣé wọ́n dojú àwòrán náà dé ni? Rárá o. Apá òsì ni gbogbo wa ń gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, bí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni a kó sí apá ọ̀tún. Ìdí rẹ̀ kò le. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, Dahomey tó di Benin ní 1975, Niger, Chad àti Cameroon, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Awakọ̀ tó bá ti Èkó lọ sí Kútọnù ní láti pààrọ̀ apá ní bodè. Gánà náà ṣe bíi tiwa ní 1974.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó ń ṣí sí ẹ̀bá ọ̀nà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bó bá di ọjọ́ Àìkú, àárín títì ló ń ṣí sí. Àmì tó kọjú sí awakọ̀ lánàá ti kọ ẹ̀yìn sí i lónìí. Awakọ̀ tó ti fi ogún ọdún gba apá òsì, tó lè fi ojú dídì wà á dé Ìbàdàn, ó di akẹ́kọ̀ọ́ láàárín òru kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé òun ti dàgbà jù láti kọ́ nǹkan tuntun, ẹ bi í léèrè bóyá ó gbọ́ ohun tí àwọn awakọ̀ 1972 ṣe.

ỌJỌ́BỌ̀: Ọ̀RỌ̀ ẸNU WA

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a kọ lọ́jọ́ yìí, gbogbo wọn ló sì kan ẹgbẹ́.

Èkíní ni "ìyanṣẹ́lódì". Bí ènìyàn méjì bá bínú síra wọn tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, a ń sọ pé wọ́n yan ara wọn lódì. Òṣìṣẹ́ tó yanṣẹ́ lódì kò kọ iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ba irinṣẹ́ jẹ́. Òun àti iṣẹ́ kàn ń bínú síra wọn ni, ó ń dúró de ẹni tó máa bá wọn parí ìjà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ti ní ìparí ìjà nínú. Ní ti àwọn òyìnbó, ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ ojú omi ni "strike" ti wá. Ní 1768, àwọn atukọ̀ ní London tú aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ wọn sílẹ̀ nítorí owó iṣẹ́, kí ọkọ̀ kankan má baà lè lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún títú aṣọ ìgbòkun sílẹ̀ ló di orúkọ dídá iṣẹ́ sílẹ̀ títí di òní.

Èkejì ni "boycott". Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Charles Boycott ń bá onílẹ̀ kan gba owó ilẹ̀ ní agbègbè Mayo ní Ireland. Ní 1880, nígbà tí irè oko kò dára, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín owó ilẹ̀ kù. Dípò èyí, lílé ni wọ́n fẹ́ lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Kò sí ẹni tó na Boycott. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni. Alágbàṣe kò bá a kórè, onísọ́ọ̀bù kò tà fún un, kò sẹ́ni tó bá a dá nǹkan pọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ireland, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ayé mọ́.

Ẹ̀kẹta jẹ́ tiwa, ó sì lọ sí òkè òkun. Èsúsú ni. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kò rí ẹrù kankan gbé lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbé èsúsú lọ sínú orí wọn. Títí di òní, àwọn ará Trinidad ṣì ń dá owó jọ, wọ́n ń kó o fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pè é ní "susu". Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń dá èsúsú níbi ìdìpọ̀ ọjà, tí ẹ fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun kékeré ni ẹ ń ṣe. Nǹkan tí oko ẹrú kò lè pa rẹ́ ni.

ỌJỌ́ ẸTÌ: ENUGU

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọjọ́ Ẹtì ni. Àwọn tó ń wa èédú ní Iva Valley, ní Enugu, ti ń fi iṣẹ́ falẹ̀ nítorí owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ wọ́n. Ọlọ́pàá wá sí ibùdó náà láti kó ohun ìfọ́pàta tó wà níbẹ̀ kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ péjọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún ló kú, ọ̀pọ̀ sì gbọgbẹ́. Kò sí èyí tó mú ìbọn lọ́wọ́ nínú wọn.

Èédú tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn ni rélùwéè ń jó láti Èkó dé Kano. Òun náà ni wọ́n ń jó ní Ìjọ́ra kí iná mànàmáná tó tàn ní Èkó. Nítorí náà àwọn tó kú jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà nínú ilé wa. Púpọ̀ nínú wọn ni kò gbọ́ Yorùbá. Lórí pátákó, a kò kọ ẹ̀yà wọn, "òṣìṣẹ́" ni a kọ. Ọ̀gá tó bá fẹ́ borí wa, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni pé kó máa bi wá léèrè ibi tí olúkúlùkù ti wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sí àríyànjiyàn nídìí tábìlì. Ẹni tó kà á sókè kà á tán, ó jókòó, gbogbo ilé sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó jẹun.

ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA: ÌWÉ KÍKÀ

Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè máa rí nǹkan kà ní èdè wọn. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹ rántí ìṣirò ọjọ́ Ajé: ogójì ẹyọ ni okùn kan, nítorí náà okùn mẹ́ta ni owó ìwé ìròyìn kan. Ní 1867, nígbà ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta, ó kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní 1843, Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ará Ọ̀ṣogùn ni Àjàyí, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821 nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọmọ tí wọ́n tà bí ẹran ló wá kó ọ̀rọ̀ ẹnu wa jọ sínú ìwé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló jẹ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì kàn. Àwa tí a fi ìrọ̀lẹ́ kàwé lẹ́yìn iṣẹ́, tí orí ń gbá tábìlì nígbà tí tíṣà ń sọ̀rọ̀, a mọ̀ pé ìwé kì í kó wọ orí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

IBI TÍ Ó TI KAN ẸBÀ

Ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tí ó ti kan ẹ̀bà gan-an.

Ní ọdún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà pe òṣìṣẹ́ méjìdínlógún sínú ọ́fíìsì ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní iṣẹ́ ti dínkù. Wọ́n fún olúkúlùkù ní àpò ìwé kan tí owó wà nínú rẹ̀, àti ìwé kan tó ní kó buwọ́ lù. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe é kíá, pé akáwó fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Nísàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ "full and final settlement" sí.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí pátákó wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ohun tí a kọ sí i ni pé: ẹni tó bá buwọ́ lu èyí ti sọ pé ohun tí òun gbà yìí ló parí gbogbo rẹ̀, òun kò tún ní kọ́bọ̀ kan láti béèrè mọ́. Ìyá kan wà níbi ìdìpọ̀ ọjà tí kò kọjá ìwé kẹta. Òun ló wà níwájú lórí ìlà. Ó wo ìwé náà, ó mọ ọ̀rọ̀ náà lójú bí ènìyàn ti ń mọ ojú ẹni tó ti rí rí. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi han àwọn ẹgbẹ́ wa." Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé bírò sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó buwọ́ lù ú nínú àwọn méjìdínlógún.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, a gbé òfin sórí tábìlì. Abala ogún nínú Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn. Ó sọ pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wo ọgbọ́n iṣẹ́ àti ìfọkàntán mọ́ ọn. Ó sì sọ pé kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó ìdáwọ́dúró náà. Wọn kò ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi jókòó. Àwọn mẹ́rin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ padà sí àyè wọn. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù lọ, a kò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n lọ pẹ̀lú owó tó ju ti inú àpò ìwé ọjọ́ Ẹtì náà lọ. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́ ṣe é fi jẹ ẹ̀bà.

Nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lónìí pọ̀, ẹ jẹ́ kí a tún sọ ti ìwé ìkìlọ̀ ìdáṣẹ́dúró, tí a kọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ohun tí òfin náà sọ nìyí. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sí ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Èyí tó kéré jù ni òfin sọ, bí àdéhùn ẹgbẹ́ bá fún yín ní jù bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ ni kí ẹ dì mú.

Ìmọ̀ èdè tún wọ inú èyí náà. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọjọ́. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrún-ọrún, ẹni tó bá fi ìka ka ọjọ́ rẹ̀ bí òyìnbó ti ń kà á yóò rí i pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan lè jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní ìkìlọ̀, ẹ má ṣe gba "ọ̀sẹ̀ kan" lẹ́nu lásán. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sórí ìwé.

ÀBÁ TIWA

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a kò bínú sí àwọn tó ní kí a gbé pátákó kúrò. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́, ó sì yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé-ìwé. Òótọ́ ni, kò sí ẹni tí à ń nà níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní lọ́yà, ó ní akáwó, ó ní ẹni tó ń bá a ka ìwé. Lílé tí wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò ní ilé-ìwé nítorí owó kò sọ pé kí a wà lókùnkùn títí ayé. Bí a kò bá kọ́ ara wa níbi tí a ti ń jẹun, níbo ni a ó ti kọ́ ọ?

Nítorí náà àbá tiwa nìyí, alága, kí ẹ jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀:

Èkíní, kí pátákó dúró níbi tó wà.

Èkejì, kí ó má jẹ́ ti ìgbìmọ̀ nìkan mọ́. Kí àwọn awakọ̀ mú ọ̀rọ̀ kan wá lọ́sẹ̀, kí ibi ìdìpọ̀ ọjà mú ọ̀kan wá, kí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe mú ọ̀kan wá.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe nu ti ọjọ́ kan kúrò títí àwọn oníṣẹ́ òru yóò fi rí i. Àwọn ni wọ́n fi sùn pé kí wọ́n tó dé, a ti nù ún. Ẹ̀sùn wọn tọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, kí olúkúlùkù ẹni tó mọ̀wé mú ẹnì kan tí kò mọ̀wé mọ́ra nídìí tábìlì. Kí ó máa kà á fún un, kí ó sì máa fi ìka tọ́ka sí i bó ti ń kà á, kí ojú onítọ̀hún lè máa mọ ọ̀rọ̀ náà. Báyìí ni ojú ìyá ibi ìdìpọ̀ ọjà ṣe mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó gba oúnjẹ ènìyàn méjìdínlógún là.

Ẹni tó bá faramọ́ ọn, kó nawọ́ sókè nígbà tí alága bá béèrè. Ẹni tí kò bá faramọ́ ọn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa yàn án lódì.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!